Ọkùnrin Kan Gbọ́dọ̀ Wà Nílé

2

…wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n sì sún sẹ́yìn, bí ẹni pé ilẹ̀kùn náà máa bù wọ́n jẹ.

Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọmọkùnrin méjì. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, báàjì dúdú láyà. Ọ̀kan ga bí òpó iná. Èkejì kúrú, ó sì ń làágùn. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa rín in sí. Mo mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Òun lèmi náà máa ń rín sí oníbàárà tí mi ò tíì fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀.

(Ìpín kìíní ti sọnù. Kò ṣe nǹkan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi nìkan ni mò ń gbé, àti pé ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.)

3

LÁRA ÒGIRI, NÍ ÌSÀLẸ̀ ÀTẸ̀GÙN

A KÒ RA NǸKAN. A KÒ FẸ́ Ẹ̀SÌN. Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN.
— ÌSÀLẸ̀

*(lábẹ́ rẹ̀, bírò pupa)*

ẸNI TÓ KỌ ÈYÍ KÒ SỌ̀RỌ̀ LÓRÚKỌ ÒKÈ.
— ÒKÈ

*(lábẹ́ ìyẹn)*

TA LÓ BÁ Ẹ SỌ̀RỌ̀?
— ÌSÀLẸ̀

4

Èmi ni Ìsàlẹ̀. Aránṣọ ni mí. Òkè ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, tó ń tún bàtà ṣe. Ilé ìyá wa ni àwa méjèèjì ń gbé, àtẹ̀gùn kan ló wà láàárín wa. Ọdún mẹ́rin rèé tí a ò ti bá ara wa sọ̀rọ̀. Ògiri ló ń bá wa jíṣẹ́.

Mi ò ní sọ ìdí rẹ̀.

5

Ó dáa, mo fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí ìyá wa kú, mo wà lójú ọ̀nà, ọkọ̀ wa sì bàjẹ́. Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró dè mí kí n rí ojú ìyá mi. Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti dé pósí. Òun ló ní kí wọ́n dé e.

Kò dúró dè mí.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ aláṣọ funfun.

6

OHÙN TÍ MO KÁ SÍLẸ̀, ÀKỌ́KỌ́

*(Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ló ní kí n máa fi fóònù ká ohùn àwọn èèyàn náà sílẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì. Èmi ni mo dà á kọ. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò.)*

GÍGA: Ẹ káàsán mà. Èmi ni Alàgbà—

ÈMI: Alàgbà kí ni?

GÍGA: Alàgbà ni wọ́n ń pè wá mà. Àwa méjèèjì.

ÈMI: Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?

GÍGA: Mọ́kàndínlógún mà.

ÈMI: Èkejì ńkọ́?

KÚKÚRÚ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ni mà.

ÈMI: *(ẹ̀rín, ó pẹ́)* Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ orí o. Ṣé eegun ń dùn yín?

KÚKÚRÚ: Ẹsẹ̀ ló ń dun èmi mà.

GÍGA: Ìjọ Mọ́mọ́nì ló rán wa mà. A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa bí ìdílé ṣe lè wà pa pọ̀ títí láé.

ÈMI: Ìdílé tèmi? Títí láé? Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́ yẹn?

*(Kúkúrú nu òógùn ojú rẹ̀.)*

ÈMI: Ẹ wọlé, jàre. Oòrùn ti ń pa yín.

GÍGA: Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n… ṣé ọkùnrin kankan wà nílé?

ÈMI: Kí lẹ fẹ́ fi ọkùnrin ṣe?

GÍGA: Òfin wa ni mà. Tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló wà nínú ilé, a ò gbọdọ̀ wọlé. Ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àgbàlagbà.

ÈMI: Ṣebí ẹ̀yin ni alàgbà?

KÚKÚRÚ: Wọn kì í ka àwa mọ́ ọn mà.

ÈMI: Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Kí lẹ rò pé mo fẹ́ fi yín ṣe?

*(Gíga ń wo bàtà rẹ̀. Èyí kò sí nínú ohùn, ṣùgbọ́n mo rántí.)*

7

ỌMỌ MI: Mọ́mì ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé o

ÈMI: Àwọn gan-an ló kọ̀, wọn ò wọlé

ỌMỌ MI: ??

ÈMI: Wọ́n ní mi ò lọ́kùnrin

ỌMỌ MI: MỌ́MÌ

8

Inú bí mi. Ẹ bá mi gbọ́ ọ: kí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó kan ilẹ̀kùn mi, kí n gbàgbé ara mi kí n ṣí i, kí n tún ní kó wọlé, kó wá sọ pé òun ò wọlé! Ta ni mo sọ pé kó wọlé láti ọdún mẹ́rin?

(Ẹ má dáhùn.)

Mo ní ère kan ní ṣọ́ọ̀bù, onígi, aláìlórí, tí mo máa ń wọ aṣọ fún kí n lè rí bí aṣọ náà ṣe máa jókòó lára ẹni. Kóòtù kan ti wà lọ́rùn rẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ní àwọn máa padà wá pé, mo gbé e sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mo fi fìlà dé ọrùn rẹ̀. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn lé e lẹ́sẹ̀.

9

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KEJÌ

ÈMI: Ẹ wọlé. Ọkùnrin wà nílé.

GÍGA: Ẹ káàsán sà.

*(Ìdákẹ́jẹ́.)*

GÍGA: Ẹ káàsán sà!

KÚKÚRÚ: Alàgbà, bàbá yìí ò lórí.

ÈMI: Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

KÚKÚRÚ: Apá kan ni wọ́n ní mà.

ÈMI: Mi ò tíì rán èkejì mọ́ kóòtù náà ni. Ṣé apá ni òfin yín ń kà?

GÍGA: *(lórí fóònù, lẹ́nu ọ̀nà, sí ọ̀gá wọn)* Ààrẹ, ẹ káàsán sà. Ìbéèrè kékeré kan ni… Rárá sà, wọn ò mí… Rárá, wọ́n jókòó… Igi ni sà.

*(Ó pa fóònù.)*

GÍGA: Mà, Ààrẹ ní ká kí yín. Wọ́n ní rárá.

ÈMI: Ẹ máa lọ.

KÚKÚRÚ: Mà, ṣé kò wá sí ọkùnrin kankan nínú ilé yìí rárá? Ẹni tó ń mí?

10

Òòlù, lókè. Kò. Kò. Kò.

11

ILẸ̀KÙN ÒKÈ SỌ TẸNU RẸ̀

*(Mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kun ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí ìyá wa wà láyé, mo sì mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.)*

Wọ́n kàn mí. Wọ́n sún sẹ́yìn. Ọkùnrin mi ṣí mi pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Kò wojú wọn. Bàtà wọn ló wò.

"Ta ló ṣe bàtà yìí báyìí?"

"Ìrìn ni sà," ni kúkúrú wí.

"Ẹ bọ́ ọ."

Wọ́n bọ́ ọ. Àtàǹpàkò kúkúrú yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ń wo ayé. Gíga wá ṣàlàyé: ìyá kan wà nísàlẹ̀, ó jọ pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ọkùnrin mi yí bàtà náà wò.

"Ṣé òun ló ní kí n wá?"

Gíga ò lè purọ́. Ẹ rí ìyà ọmọ yìí? "Rárá sà. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin wa ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Òfin yín ló ní kí n lọ jókòó nílé àbúrò mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ó tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́.

"Òfin ni òfin," ló wí, ó sì ń wá ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́.

12

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KẸTA

ÒKÈ: Sọ fún obìnrin yẹn pé àga rẹ̀ ń mì.

GÍGA: Mà, wọ́n ní—

ÈMI: Mo gbọ́. Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e ni.

GÍGA: Sà, wọ́n ní—

ÒKÈ: Mi ò dití.

KÚKÚRÚ: Ṣé ká kọ́kọ́ gbàdúrà?

ÒKÈ: Ta ni eléyìí tó wà lẹ́bàá fèrèsé?

KÚKÚRÚ: Ọkùnrin ilé ni sà. Ààrẹ ò gbà á wọlé.

*(Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ síbi fèrèsé.)*

ÒKÈ: Èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju tọ̀tún lọ.

ÈMI: Sọ fún un pé bí oníkóòtù ṣe rí nìyẹn.

*(Kóòtù ẹ̀gbọ́n mi ni. Mò ń rán an fún un nígbà tí ìyá wa kú. Láti kékeré ni èjìká rẹ̀ òsì ti wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.)*

13

Àwọn alàgbà kì í mu tíì, òfin wọn ni. Wọn kì í mu kọfí. Mo bu omi gbígbóná sínú ife tíì fún wọn, mo sì fi ṣíbí sí i kó lè jọ nǹkan. Kúkúrú dúpẹ́ bí ẹni pé mo pa màlúù fún un.

14

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KẸRIN *(ibi kan péré)*

ÒKÈ: Dúró ná. Àwọn èèyàn inú ìwé aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń kà fún wa yìí, tí wọ́n rìn nínú aginjù láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló ń tún bàtà wọn ṣe?

GÍGA: Ìwé náà ò sọ sà.

ÒKÈ: Ó yẹ kó sọ. Èèyàn ò lè rin irú ìrìn yẹn láìní ẹnì kan.

*(Ẹ̀rín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́.)*

15

LÁRA ÒGIRI

ẸNI TÓ BÁ Ń BỌ̀ NÍ ỌJỌ́BỌ̀ KÓ NU ẸSẸ̀.
— ÌSÀLẸ̀

ẸSẸ̀ MI MỌ́. ÀGA LÓ Ń MÌ.
— ÒKÈ

ÀGA Ò MÌ MỌ́.
— ÌSÀLẸ̀

MO MỌ̀. ÈMI NI MO TÚN UN ṢE NÍGBÀ TÍ O LỌ RA ÒWÚ. KỌ́KỌ́RỌ́ ÌYÁ WA ṢÌ WÀ LỌ́WỌ́ MI.
— ÒKÈ

*(Mo dúró níwájú ògiri pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, mo sì wọlé padà.)*

16

LẸ́TÀ KÚKÚRÚ SÍ ÌYÁ RẸ̀

*(Mi ò rí i rí. Èmi ni mo ro ó. Ṣùgbọ́n ó sọ ìdajì rẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń lẹ ṣòkòtò rẹ̀ tí ajá fà ya, ìdajì tó kù sì hàn lójú rẹ̀.)*

Mọ́mì mi,

Ara mi le. Wọ́n ti tún bàtà mi ṣe, ó wá dáa ju ìgbà tí ẹ rà á lọ. Ẹ má bínú.

A ṣì ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan máa ń yára pa tẹlifísọ̀n kí a lè rò pé wọn ò sí nílé. Bàbá kan pariwo láti inú ilé pé, "Kò sẹ́nì kankan níbí!" Alàgbà Gíga sì dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé sà, a máa padà wá." Kò tíì sẹ́ni tó ṣe ìrìbọmi lọ́wọ́ wa.

Mọ́mì, ó máa ń rẹ̀ mí. Nígbà míì mo máa ń bi ara mi pé kí ni gbogbo ìrìn yìí wà fún. Wọ́n fún wa ní ìwé tí a máa ń kọ ìròyìn sí: ẹni tó gba ìwé, ẹni tó ní ká padà wá. Bàbá kan àti màmá kan wà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwa la máa ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì kan sí èkejì. Wọ́n gbọ́ ara wọn dáadáa o. Ibo ni kí n kọ wọ́n sí? Kò sí àyè wọn nínú ìwé náà.

Alàgbà Gíga ní kí n fi sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

17

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KARÙN-ÚN

GÍGA: …nítorí náà, ikú gan-an ò ní lè yà wọ́n. Ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn mà. Bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, wọ́n máa tún ríra.

ÈMI: Bá mi bi ẹni tó jókòó yẹn léèrè ìdí tí kò fi dúró dè mí.

GÍGA: Mà?

ÈMI: Ó yé e.

*(Ère yẹn nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀.)*

ÒKÈ: Sọ fún un pé mo dúró.

GÍGA: Mà, wọ́n ní àwọn dúró.

ÒKÈ: Sọ fún un pé mo dúró títí ojú ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Iná ti lọ níbi tí wọ́n tọ́jú òkú wọn sí. Sọ fún un pé… mi ò fẹ́ kó jẹ́ ojú yẹn ló máa rí kẹ́yìn. Èmi rí i. Mo ṣì ń rí i. Sọ fún un pé ẹnì kan nínú wa ti tó.

GÍGA: Mà… wọ́n ní…

*(Kò lè sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.)*

KÚKÚRÚ: Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Àwọn rèé níwájú yín.

ÒKÈ: Òfin yín ò sọ ìyẹn.

*(Ìró àga. Ìró ilẹ̀kùn. Ìró ẹsẹ̀, ó ń gòkè lọ.)*

*(Mo gbàgbé láti pa fóònù. Ìyókù rẹ̀ gùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò dún nínú rẹ̀, òòlù náà ò dún.)*

18

Mo máa dá a lóhùn ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ṣì ń bọ̀.

19

GÍGA: *(àtẹ̀jíṣẹ́)* Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ti gbé àwa méjèèjì lọ sí ìlú mìíràn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn mà, wọn kì í jẹ́ ká mọ̀ títí ó fi kù dẹ̀dẹ̀. Àwọn míì máa wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ bá wa kí bàbá. Ẹ bá wa kí ọkùnrin ilé náà. Ẹnìkejì mi ní kí n sọ pé bàtà ṣì le koko.

20

Ẹ wo àwọn ọmọ yìí! Wọ́n wá da ilé rú, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

(Mo sunkún díẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ síbi kankan.)

21

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KẸFÀ

*(Wọ́n kàn án. Wọ́n sún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin méjì ni. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn, báàjì kan náà, ẹ̀rín kan náà.)*

ARÁBÌNRIN: Ẹ káàsán mà! Àwọn alàgbà ló júwe yín fún wa.

ÈMI: Ẹ káàbọ̀. Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ wà nílé.

ARÁBÌNRIN: Rárá mà. Obìnrin ni wá, obìnrin lẹ̀yin náà. A lè wọlé báyìí.

ÈMI: Òfin ńkọ́?

ARÁBÌNRIN: Kò kan tiwa mà. Bí ẹ ṣe dá wà yìí gan-an ló dáa.

ÈMI: Kò dáa!

ARÁBÌNRIN: Mà?

ÈMI: Mo ní kò dáa. Ẹ pe Ààrẹ yín. Ẹ sọ fún un pé obìnrin kan wà níbí tó fẹ́ kí òfin dúró bó ṣe wà.

*(Wọ́n wo ara wọn.)*

ÈKEJÌ: Mà, ta lẹ fẹ́ ká bá yín pè?

22

ÀWÁWÍ TÍ MO LÈ GBÉ LỌ SÓKÈ

Omi ń jò. *(Kò jò.)*

Àga tún ń mì. *(Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ. Kò yọ. Ó tún un ṣe dáadáa, olóríburúkú.)*

Bàtà àwọn ọmọbìnrin yìí ti bàjẹ́. *(Tuntun ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.)*

Òfin. *(Ó ti bá àwọn alàgbà lọ.)*

23

OHÙN, ẸLẸ́Ẹ̀KẸFÀ *(ìyókù)*

ÈMI: Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

ARÁBÌNRIN: Kí ni mà?

ÈMI: Ilẹ̀kùn.

ARÁBÌNRIN: Ṣé kíkàn án? Ẹ kàn án ni mà. Lẹ́yìn náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹni náà lè rí yín dáadáa, kó má bá a lójijì.

ÈMI: Tí kò bá ṣí i ńkọ́?

ÈKEJÌ: Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí i mà.

ÈMI: Kí lẹ wá ń kàn án fún?

*(Èyí àkọ́kọ́ ń wo ojúgbà rẹ̀. Ojúgbà rẹ̀ ń wo ère.)*

ÈKEJÌ: Ẹ̀yin náà ṣí i mà.

24

ỌMỌ MI: Mọ́mì ṣé ẹ ti di Mọ́mọ́nì ni

ÈMI: Rárá o

ÈMI: Mò ń lọ kan ilẹ̀kùn

ỌMỌ MI: Ilẹ̀kùn ta???

ỌMỌ MI: Mọ́mì

ỌMỌ MI: Mọ́mì ilẹ̀kùn ta

25

Mo bọ́ kóòtù lọ́rùn ère. Mo rán apá kejì mọ́ ọn, kíákíá, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì ń wò mí, ọ̀kan ń bá mi di bọ́tìnnì mú. Ìránṣọ náà ò dára tó, màá tún un rán tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbà á. Mo fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, mo gbé kóòtù náà gòkè.

Fóònù ṣì ń ká ohùn nínú àpò mi.

Mo kan ilẹ̀kùn.

Mo sún sẹ́yìn. Iwájú ilẹ̀kùn yẹn ò fẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n yí gbirigbiri sísàlẹ̀. Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi kí n tó rí ẹni tí mo máa rín in sí.

Òòlù dákẹ́.

"Ta nìyẹn?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ìsàlẹ̀ wá. Pé mo gbọ́. Pé ó yẹ kí n ti gbọ́ tipẹ́. Pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé ojú ìyá wa yẹn, kí wọ́n má dá a gbé mọ́. Gbogbo rẹ̀ pòórá lẹ́nu mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ṣé ọkùnrin kankan wà nílé?"

26

*(Ìṣó bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà púpọ̀.)*

*(Ìró ẹsẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n ń bọ̀ ni, àbí wọ́n ń wá ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, àbí wọ́n… Kọ́kọ́rọ́ ti ń yí lẹ́nu ilẹ̀kùn.)*